Ahọ́n Getsel Lọ́jọ́ Wàràkàsì

Ẹ ti ń fura tẹ́lẹ̀, n kò sì ní tàn yín: ọkùnrin tó bá ń fi ahọ́n ara rẹ̀ yangàn, ahọ́n náà ni yóò gbé e ṣubú. Ohun tó kù tí ẹ kò mọ̀ ni ọ̀nà tó gbé e gbà.

Getsel ni orúkọ rẹ̀. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ìlú Podlisk, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò kọ́kọ́ fi ahọ́n pọ́n ètè lá kó tó dáhùn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn nígbà Àjọ Ọ̀sẹ̀, àjọ tí àwọn Júù fi ń jẹ oúnjẹ oníwàrà, tó ń tọ́ kéèkì wàràkàsì àwọn obìnrin ìlú wò, tó sì ń dájọ́. Ó ní bí òun bá ti fi í kan ahọ́n báyìí, òun á mọ màlúù tó ni wàrà rẹ̀, òun á mọ̀ bóyá koríko etídò ló jẹ àbí ti orí òkè, àti bóyá inú obìnrin tó fún wàrà ọ̀hún dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, kò sí èyí tí kì í gbé àwo síwájú rẹ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n yin òun?

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ilé dé ilé. Rábì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Podlisk ni, Àjọ Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí yóò bá wọn ṣe sì nìyí. Brayne, opó olówó tó ni ilé ìlagi, ní kí gbogbo ẹni tó bá yan kéèkì gbé e wá sí yàrá ńlá òun lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, tí yóò sọ èyí tó borí, ẹni náà ni yóò sì jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún Rábì. Getsel ni Brayne mú. Bóyá nítorí ahọ́n rẹ̀ ni, bóyá nítorí òwú aláwọ̀ búlúù tó ń gbé lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà Ìrékọjá ni, èmi ò sí níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ahọ́n nìkan ló fi ń ṣe fújà. Ó ń fi òfin ṣe é pẹ̀lú. Ọmọdé Podlisk mọ̀ pé ẹni tó bá ti fi ẹnu kan ẹran, ìbáà ṣe omi ọbẹ̀ rẹ̀ lásán, wákàtí mẹ́fà gbáko ni yóò dúró kó tó fẹnu kan ohunkóhun tó ní wàrà nínú. Lọ́dún tó kọjá, Leyzer tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin jẹ adìyẹ, ó dúró fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ó sì mu tíì oníwàrà. Getsel ló yọ aago lápò níwájú èrò sínágọ́gù.

"Leyzer," ó ní, "ṣé adìyẹ tìẹ máa ń sáré jáde nínú ikùn ju ti àwa yòókù lọ ni?"

Ìlú rẹ́rìn-ín fún odindi oṣù kan. Leyzer nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ, Getsel kò lè dúró sójú kan. Ó ti bá àwọn ọkùnrin yòókù ka Òfin mọ́jú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n oorun kò rí ojú rẹ̀ gbé. Ó yà sílé láti pààrọ̀ kóòtù, ó sì dúró síwájú dígí.

"Bàbá Dvoyre," ni Toybe ìyàwó rẹ̀ wí, "ìgbà mẹ́rin lẹ ti fọwọ́ pa irùngbọ̀n yẹn. Rábì lẹ ń lọ bá, ẹ ò lọ fẹ́yàwó."

"O ò lè mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa jókòó sí."

"Mo gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, ẹṣin Leyzer náà gbọ́. Ẹ ṣáà pa ẹnu dé títí wọ́n á fi ní kí ẹ ṣí i."

"Ẹnu tí odindi ìlú ń wá ni kí n pa dé?"

"Ẹnu àìmẹ́nu ni mò ń bá wí, ètè àìmétè..."

Getsel mọ ibi tí òwe náà ń lọ. Kò dúró kó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìsìn parí, wọ́n súre sí wáìnì, gbogbo èèyàn sì tú jáde láàárín àwọn ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n fi ṣe sínágọ́gù lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀nà ilé Brayne kún fọ́fọ́. Àwọn obìnrin ru àwo tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé òórùn bọ́tà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Nígbà tí Getsel yóò fi dé ẹnu ọ̀nà, kò ríbi fi ẹsẹ̀ sí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì bá ilé ìdáná wọlé.

Hinde, alásè Brayne, wà nídìí iná, ìkòkò ńlá kan ń hó níwájú rẹ̀, ọ̀rá aláwọ̀ wúrà ń léfòó lójú omi rẹ̀. Imú Getsel ló kọ́kọ́ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró tẹ̀ lé e.

"Hinde, ẹ kú iná o. Kí ló ń hó?"

"Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ máa kọjá, Bàbá Dvoyre, wọ́n ń dúró dè yín."

Ṣùgbọ́n ṣíbí ti wà lọ́wọ́ Getsel. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì kọjá níwájú ìkòkò kan kó má bẹ̀ ẹ́ wò; ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Ó bù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fà á mu, ó di ojú.

"Iyọ̀ ṣe díẹ̀," ó ní. "Ata ni kò tó. Ogójì ọdún nídìí iná, Hinde, ẹ ò tíì mọ ata?"

"Ọdún mọ́kàndínlógójì ni," ni Hinde fèsì. "Mo ti gbọ́. Màá fi kún un."

Getsel nu irun ètè rẹ̀, ó na kóòtù, ó sì wọ yàrá ńlá lọ.

Kéèkì mẹ́sàn-án ló wà lórí tábìlì, nínú àwọn àwo tí wọ́n rà ní ìlú ńlá Lemberg. Òmíràn pọ́n bí oòrùn àárọ̀, òmíràn kún fún èso àjàrà gbígbẹ. Ti ìyàwó Leyzer ló wà níkẹta, àárín rẹ̀ jìn díẹ̀. Rábì jókòó, ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín tí ebi hàn lójú rẹ̀. Àga ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí Getsel rí àga náà, ó lọ jókòó sórí rẹ̀.

"Rábì," ni Brayne wí, "ẹni tí mo sọ fún yín nìyí."

"Mo ti gbọ́ nípa ahọ́n yín, bàbá," ni Rábì wí.

"Ahọ́n kékeré ni, Rábì mi," ni Getsel dáhùn, ní ohùn ẹni tó ń retí kí wọ́n já òun nírọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò já a nírọ́, ó dìde láti sọ̀rọ̀.

"Kí n tó kan èyíkéyìí," ó ní, "kí ìlú mọ̀ pé ahọ́n adájọ́ dà bí aṣọ funfun. Bí nǹkan bá ti ta sí i, ó tán. Láti àná, yàtọ̀ sí wáìnì tí a súre sí, ohunkóhun kò kan ahọ́n tèmi. N kì í fẹ́ dárúkọ èèyàn, Rábì, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nílùú yìí tí aago wọn máa ń sáré."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Leyzer wo ilẹ̀. Toybe, láàárín àwọn obìnrin, fọwọ́ bo ojú.

Getsel gé ẹ̀là kan lára kéèkì àkọ́kọ́, ó fi fọ́ọ̀kì gún un, ó gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè kàn án. Gbogbo èèyàn sún mọ́ tábìlì. Rábì pàápàá na ọrùn. Fọ́ọ̀kì ku ìka méjì kó kan ètè rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, tí Hinde yọ orí pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Dvoyre," ó ní, "ọbẹ̀ adìyẹ tí ẹ mu lẹ́ẹ̀kan, mo ti fi ata kún un."