Kíláàsì Orí Ìlà Omi

Ọdún mọ́kànlá ni Najiba fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Hodeida kí ogun tó lé e dé Marib. Kò tíì tú ẹrù ẹ̀ tán nínú àgọ́ àwọn tó sá fógun tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn ọmọ tí ò rílé ìwé lọ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mọ́kàndínlógún ti ń jókòó sórí ẹní lábẹ́ tapólì rẹ̀.

Omi ló ń da iṣẹ́ rú. Àárọ̀ ni tánkà omi máa ń dé, àwọn ọmọbìnrin ló sì ń lọ pọn ọ́n. Ishraq, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí orí ẹ̀ jí pépé nínú ìṣirò, ló ń pa kíláàsì jẹ jù. Najiba ò bá òbí kankan fa ọ̀rọ̀. Ó kó ṣọ́ọ̀kì ẹ̀, ó di ìdí tánkà. Bí àwọn ọmọ bá ti to kẹ́ẹ̀gì tán, á kọ ìṣirò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó kan ẹni tó ni ín, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti rí ìdáhùn.

Nígbà tí ìdánwò ìjọba ti kíláàsì kẹsàn-án ku oṣù mẹ́ta, ó lọ bá Mubkhut, ọ̀gá ilé ìwé tó wà nítòsí àgọ́, pé kó bá òun forúkọ ọmọ mẹ́fà sílẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣèèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní láìsí ìwé ẹ̀rí, kò sí ohun tóun lè ṣe. Najiba sọ fún un pé ilé tí ìwé ẹ̀rí wọn wà ti wó.

"Ọ̀gá, ẹ wá dán wọn wò fúnra yín. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀."

"Tíṣà, ọkàn yín mà balẹ̀ o."

"Èmi ni mo kọ́ wọn."

Lọ́jọ́ kejì, Mubkhut kó ìbéèrè dání wá. Orí ìlà omi ló bá wọn. Ó ní kí Ishraq ṣàlàyé ìṣirò ara kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ọmọ náà ṣàlàyé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ ẹnu ẹ̀rọ tánkà omi lojú ẹ̀ wà, kí wọ́n má bàa gba iwájú ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀," ló wí nígbà tó parí. "Ó ti kàn mí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mubkhut. Nígbà tí wọ́n pọnmi tán, ó fún wọn ní ìdánwò, ó sì máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn márùn-ún yege. Gírámà ni kò jẹ́ kí ẹnì kẹfà, Jumayla, yege.

"Ẹ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà," ni Najiba wí. "Oṣù mẹ́ta ṣì ń bẹ níwájú wa."

Mubkhut sì kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí èsì jáde, Ishraq ló ṣe ipò kejì nínú gbogbo ilé ìwé náà. Máàkì méjì péré ni Jumayla fi yege, síbẹ̀ ìyá tiẹ̀ ló yan búrẹ́dì olóyin fún gbogbo àgọ́. Mubkhut ránṣẹ́ pé yàrá méjì máa ń ṣófo lọ́sàn-án nílé ìwé òun, ṣé Najiba lè wá máa kọ́ni níbẹ̀? Ó fèsì pé òun ń bọ̀, tòun ti ọmọ mọ́kàndínlógún.