Bàbà Tí Màmá Fọ̀

"Kí ló ń sọ?" Màmá bèèrè. Bàbà pẹlẹbẹ náà wà lọ́wọ́ wọn, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Felicia wo ìyá rẹ̀, ó wo Túndùn ọmọ rẹ̀ tó ń fi èdè òyìnbó pariwo ní ilé ìdáná wọn ní Kettering, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Ó ní ẹ ṣeun, Màmá. Ó kàn yà á lẹ́nu ni."

Irọ́ gbuu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Túndùn fi ṣiṣẹ́ lórí bàbà yẹn. Àwòrán àdúgbò àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni olùkọ́ rẹ̀ ní kó ṣe, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń fi abẹ́rẹ́ fín sára bàbà tí wọ́n ti fi ìda dúdú bò ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n á jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́, tí wọ́n á fi íǹkì kùn ún, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Túndùn fín ọ̀nà tóóró, aṣọ tí wọ́n sá láti fèrèsé kan dé èkejì, àti obìnrin tó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ Ajé ló yẹ kó gbé e sínú ásíìdì, kó sì tẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì. Ó wá gbàgbé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, dúdú bí ìdí ìkòkò. Màmá ṣe bí àwo ni. Ta ni yóò rí àwo dúdú bẹ́ẹ̀ tí kò ní fọ̀ ọ́? Kànrìnkàn onírin ni wọ́n fi kojú ẹ̀.

"Àbí ó fẹ́ kí n tún fọ ẹ̀yìn ẹ̀ ni?" Màmá ní.

Inú bí Felicia. Ó bínú sí ọmọ tó ń gbé iṣẹ́ ilé-ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó bínú sí ìyá tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá ti dé láti Ọ̀yọ́, òun ni ògbufọ̀. Túndùn á ní ata ọbẹ̀ pọ̀ jù, òun á sọ fún Màmá pé ó ní ó dùn. Màmá á ní ọmọ yìí kì í kí èèyàn, òun á sọ fún Túndùn pé Màmá ń gbàdúrà fún un. Ó ti sú u.

"Mummy," Túndùn ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "That's not what I said."

Ó gbọ́ Yorùbá! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Felicia kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ojú tì í.

"Màmá," ó ní, "kò dúpẹ́. Iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀ lẹ fọ̀ dànù."

Màmá gbé bàbà náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ ibi tí ojú obìnrin orí àtẹ̀gùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Háà! Èèyàn ló wà níbí?" Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀. "Túndùn, kí lo sọ?"

Felicia lanu láti túmọ̀ ọ̀rọ̀. Màmá na ọwọ́ sí i. "Ìwọ, dákẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo fẹ́ kó fi bá mi wí."

Túndùn yíjú sí Màmá. "Inú... inú ń bí mi, Màmá. Mo ṣiṣẹ́ ẹ̀ gan-an."

"Ó yẹ kó bí ọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má bínú." Màmá fa àga fún un. "Obìnrin yìí, kí ló ń ṣe lórí àtẹ̀gùn?"

Túndùn jókòó, ó ń wá ọ̀rọ̀. Felicia mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà rí i bi léèrè pé kí ni èkejì ń sọ.