Ojú Obìnrin Inú Àwòrán

"Ta ni mò ń wò yìí, Bàbá Akọ̀wé?"

"Ìyàwó mi ni, Tíṣà."

Tíṣà tó ń kọ́ ọ ní àwòrán yíyà mú káàdì tí wọ́n tẹ àwòrán àtijọ́ sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì, aṣọ tí Akọ̀wé ń yàwòrán sí. "Ẹ tún un wò, sà. Obìnrin yìí náà lẹ tún yà."

Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó wò ó. Òótọ́ ni. Imú tóóró, ìpéǹpéjú tó wúwo: obìnrin tí ọ̀gá ayàwòrán kan yà ní irínwó ọdún sẹ́yìn ló jókòó kalẹ̀ síbẹ̀, tó ń wo ọkọ ọlọ́kọ.

Oṣù mẹ́jọ ni Akọ̀wé fi da àwòrán obìnrin náà kọ. Òfin Tíṣà ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró ya ojú èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da iṣẹ́ ọ̀gá kọ, kó tilẹ̀ dorí káàdì kodò, kí ojú lè máa rí òjìji dípò imú. Akọ̀wé tó ti fi ọgbọ̀n ọdún da lẹ́tà kọ ní ọ́fíìsì kò rojọ́. Ta ló kúkú ń dúró dè é nílé? Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, obìnrin tí kì í gbà kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. "Ojú tẹ́ ẹ ń rí lójoojúmọ́," á ní, "kí lẹ fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ ṣe?" Ojú yẹn ni Akọ̀wé fẹ́ yà kó tó gbàgbé rẹ̀.

Ó dijú, ó ń wá a. Obìnrin inú káàdì ló yọjú. Ó tún dijú, òun náà ni. Ẹ̀rù bà á ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ.

"Tíṣà, mi ò rí i mọ́."

Tíṣà fi ọ̀bẹ kékeré ha ọ̀dà tútù náà kúrò. "Obìnrin inú káàdì yìí ti di bárakú fún ọwọ́ yín ni. Ẹ wá ẹni tó jọ ìyàwó yín, kó jókòó síwájú yín."

Ẹnì kan ṣoṣo ló jọ ọ́: àbúrò ìyàwó náà tó jẹ́ obìnrin. Ìjọra yẹn ni Akọ̀wé kò lè fara dà tí kò fi gbé ìpè rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó pè é.

"Bọ̀dá! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo wà. Mo fẹ́ kó o wá jókòó fún mi, kí n lè ya ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Mo jọ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, apá òsì ẹnu wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí, àbí?"

Akọ̀wé wá ẹ̀rín náà títí nínú orí rẹ̀, kò rí i. Ó dùn ún wọra.

"Mi ò rántí," ó ní. "Jọ̀ọ́, máa bọ̀."