Gbólóhùn Kẹta Phoebe

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, nígbà tí àìsàn èémí kan ń pa ènìyàn ní Ṣáínà, Olúdàpọ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́ àwọn ará Ṣáínà mẹ́fà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yàrá tí ó wà lẹ́yìn ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Òfin rẹ̀ kì í yẹ̀: ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, orírun rẹ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn mẹ́ta láti inú ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, irọ́ ni. Òdo ni ó ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni "quarantine". Ó ṣàlàyé pé láti inú ọ̀rọ̀ "ogójì" ní èdè ìlú Fẹ́nísì, ní Ítálì, ni ó ti wá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá fura sí pé ó gbé àrùn ti ń dúró ní etí òkun fún ogójì ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ tiwọn, wọ́n fi ìwé sílẹ̀, wọ́n ń lọ. Nígbà tí Olúdàpọ̀ ka ti Phoebe, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin kíláàsì náà, tán, ó ní kí obìnrin náà nìkan dúró. Gbólóhùn kẹta rẹ̀ sọ pé àbúrò rẹ̀ sá kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ti Ṣáínà dé sí Hamburg ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé ara rẹ̀ gbóná bí iná, pé òun ni ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ títí di àná.

"Ṣé òtítọ́ ni èyí?"

"Olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ní kí a má ṣe purọ́." Ó ní àbúrò òun kò ní ìwé ìgbélùú. Bí dókítà bá dé, ọlọ́pàá yóò tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa igi lé e. Ẹ fún mi ní òdo."

Láti inú ìsọ̀, Ayọ̀níkẹ́ ké sí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ṣé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni ẹ óò jẹ lọ́sàn-án yìí ni?"

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Olúdàpọ̀ dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn tí ó já sí ìsọ̀, ó ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ máàkì tí ó pé sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn náà. Lẹ́yìn náà ni ó pe Gesundheitsamt, ọ́fíìsì ìlera, ó sì ka àdírẹ́sì ilé tí àbúrò náà wà ní Hamburg fún wọn bí Phoebe ti ń fi ẹkún sọ ọ́.

Obìnrin orí fóònù béèrè iye ènìyàn tí ó wà nínú yàrá náà lónìí.

"Méje, pẹ̀lú èmi."

Ó ní kí gbogbo wọn má ṣe kúrò níbẹ̀.

Olúdàpọ̀ wo àga márùn-ún tí ó ṣófo. Ní wákàtí yìí, U6, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, a máa kún fọ́fọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Phoebe wúkọ́.