Ìwé Tí Mo Kọ Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Oníṣẹ́jú ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn mi, nítorí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó bá pẹ́ dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ìta ni yóò dúró sí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ọgbọ́n kan wà tí mo ń dá. Òfin ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni oníṣẹ́ abẹ yóò kọ ohun tó ṣe sínú fáìlì aláìsàn. Èmi a kọ tèmi láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá: mo gé ibí, mo yọ èyí, mo yẹ tọ̀hún wò, kò sí ìṣòro. Àyè tí màá kọ iye ẹ̀jẹ̀ àti àkókò sí nìkan ni mò ń fi sílẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ó dá òun lójú pé mo ti kọ ìwé ikú ara mi sílẹ̀, pé déètì ló kù. A jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo kọ ti obìnrin aránṣọ kan tí òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Mo yẹ ìfun wò láti òkè délẹ̀. Ó mọ́." Bí mo ṣe yọ àpò náà tán, wọ́n pè mí sí ẹni tí ọkọ̀ gbá ní yàrá kejì. Mo rán ojú ọgbẹ́, mo sáré lọ. Mi ò fọwọ́ kan ìfun rẹ̀. Orí ìrìn ni mo ti buwọ́ lu ìwé náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n gbé aránṣọ náà padà wá. Kókó kan tó hù nínú ìfun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wá sọ fún dókítà obìnrin kan, ọmọdé nídìí iṣẹ́, pé inú ń run òun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni ìyẹn fún un lóògùn inú rírun tó ní kó máa lọ sílé. Wọ́n pe ìpàdé lé dókítà náà lórí, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó jókòó ṣèdájọ́.

"Kí ló dé tí o ò ní kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀?" ni alága bi í.

"Ọ̀gá ti wò ó, sà." Kò wo ojú mi. "Mo kà á nínú fáìlì. Bí Ọ̀gá bá ní ó mọ́, ta ni èmi?"

"O ya ọ̀lẹ, o wá ń fi ọ̀gá rẹ bojú," ni alága wí.

Kí ni mo ṣe? Mo wo aago. Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí a fi ìdájọ́ sí ọ̀la. 

Nọ́ọ̀sì àgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ pàdé mi ní kọ́rídọ̀. Ó ń ká aṣọ.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o."

"Kí lo fẹ́?"

"Kò sí o. Mo kàn rántí pé aago méje ni ínkì yẹn ti gbẹ. Aago mẹ́sàn-án la sì tó la inú màmá yẹn."

"O mọ̀, o ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ló máa sọ ọ́? Èmi tí ẹ lé síta nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta?" Ó ká aṣọ náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. "Ọmọ yẹn ṣẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gbà yín gbọ́."

Ojú tì mí. Mo kọjá sọ́dọ̀ aránṣọ náà, nítorí òun ló ni ara rẹ̀, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti rù kan egungun. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ dìde jókòó.

"Dókítà mi, ẹ má bínú, mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹ̀yin kọ́ o. Ẹ̀yin wò mí délẹ̀délẹ̀. Ọmọdébìnrin yẹn ló fi mí ṣeré."

Ìbá sàn kó bú mi. Mo fa àga, mo jókòó. Mi ò jókòó ti aláìsàn rí.

"Màmá, mi ò wò yín. Mo ti kọ ọ́ pé mo wò yín kí n tó rí inú yín. Irọ́ mi ni ọmọ yẹn kà."

 Ó ń fi ìka méjì ra etí aṣọ ibùsùn, bí ẹni ń wo bóyá aṣọ náà lágbára.

"Ká ní ẹ wò mí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Méjì." Ó fi aṣọ sílẹ̀. "Kí n fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́. Kí ọmọ ọlọ́mọ má jìyà yín."

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́. Alága ní kí n rọra, pé orúkọ ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bí mo ṣe wí. Wọ́n dá dókítà náà sílẹ̀, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan abẹ mọ́. Dókítà náà kọjá lára mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, sà," ló wí. Kò pè mí ní Ọ̀gá.

Ẹlòmíràn ló ṣe iṣẹ́ abẹ aránṣọ náà. Mo jókòó sí ìta, níbi tí àwọn tí mo ń lé jáde máa ń dúró sí. Mi ò mọ iye àkókò tó gbà. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà yọjú.

"Ó ti jí," ló wí. "Ó ní ẹ máa lọ sílé."