Fóònù Kan fún Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò

Luseane ti kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ gidi kan. Àròkọ tí olùkọ́ wọn fún wọn ni pé kí kálukú sọ oore tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe nínú ilé rẹ̀ àti wàhálà tó ń dá sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì rèé, ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá, fóònù tí gbogbo ilé jọ ń lò ló fi ń kọ ọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí gíláàsì tó ti sán. Ó dìde, ó mu omi, ó padà jókòó. Ó tún dìde.

Oore ò nira láti kọ. Fóònù yìí ni wọ́n fi ń rí ojú bàbá wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti oko èso tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Australia, tí yóò dé fìlà, tí yóò máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Fóònù náà ló tún ń pariwo bí ìjì bá ń bọ̀. Wàhálà ibẹ̀ náà ò nira: ìyá rẹ̀, Melenaite, kì í lè hun ẹní ju ìlà mẹ́ta lọ mọ́ kó tó wojú fóònù, bí àlejò bá dé, gbogbo wọn á dorí kodò bí ẹni ń gbàdúrà, kò sì sẹ́ni tó ń gbàdúrà. Luseane ka eléyìí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ń yí ọ̀rọ̀ po ni. Wàhálà ilé tiwọn kọ́ nìyẹn.

Wàhálà ilé tiwọn ni pé fóònù kan ṣoṣo ló wà, ọmọ méjì ló sì ń lò ó, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin.

Kepueli, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ọdún méjì jù ú lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń sùn nínú ahéré tó wà lẹ́yìnkùlé, bó ṣe yẹ kí ọkùnrin tó ní arábìnrin ṣe. Bí Luseane bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń wo fíìmù, á dìde jáde. Kì í bọ́ ẹ̀wù níṣojú rẹ̀, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ìsọkúsọ níbi tí àwọn méjèèjì bá jọ wà. Arábìnrin ló ga ju arákùnrin lọ nípò ní Tonga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé arákùnrin náà ti ń sáré kiri kí wọ́n tó bí i. Àwọn àgbà ṣètò gbogbo èyí dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló ronú kan fóònù nínú wọn? Ọmọbìnrin á ṣí i láti ṣiṣẹ́ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọmọge kan kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á yọ lójú gíláàsì, á sì dojú fóònù délẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bálùwẹ̀ tí ènìyàn wà. Wọn kì í gbé e lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá lò ó tán á gbé e sórí pákó ojú fèrèsé, èkejì á wá mú un níbẹ̀.

Ó ṣì ń wá bí yóò ṣe kọ èyí láìdójúti ẹnikẹ́ni nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan já wálẹ̀ láti òkè gíláàsì náà. Paea, ọ̀rẹ́ Kepueli, ló fi ránṣẹ́. Kó tó ráyè gbójú kúrò, ó ti kà á tán.

"Ọ̀gá mi, lọ́la aago mẹ́jọ àárọ̀, etí omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Heamasi ti tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, rọ́bà ẹ̀ gùn dáadáa. Tó o bá mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin péré, o ti ra fóònù tìẹ nìyẹn, wàá bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú kí àbúrò ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ẹ. Má jẹ́ kí màmá gbọ́ o."

Luseane mọ ẹ̀rọ náà, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò ni, tí Heamasi gbé sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tó so rọ́bà gígùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn á fi eyín di ẹnu rọ́bà náà mú, á máa mí, á sì máa rìn nísàlẹ̀ òkun bí ẹni ń rìn lọ́jà, á máa ṣa mokohunu, ẹran omi kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́ tí àwọn oníṣòwò òkèèrè ń rà lówó ńlá. Ìjọba ti fòfin de ẹ̀rọ náà. Siaosi, ọmọ ilé kejì sí tiwọn, kò ka òfin sí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ó yára gòkè jù láti inú omi, láti ọjọ́ náà ni kò ti mọ̀ bóyá òun lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ìyá rẹ̀ ló ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, òun náà ń fi fóònù gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Luseane gbé fóònù sílẹ̀, ó tún gbé e. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé kó lọ bá Kepueli nínú ahéré. Bó bá sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ sí, nítorí fóònù kan náà ni. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò. Bó bá sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá á pe bàbá. Nígbà tí bàbá gbọ́ lọ́dún tó kọjá pé Kepueli mutí, iwájú pásítọ̀ ló ti bá a wí, lórí fóònù yìí kan náà, gbogbo ìjọ ń gbọ́. Kepueli wọkọ̀ lọ sí erékùṣù mìíràn, oṣù méjì ló lò kó tó padà.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ tó ò lè jókòó sójú kan?" Melenaite bi í nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ sísè àti ẹja ní ìrọ̀lẹ́. "Àbí èèrà wà nídìí ẹ ni?"

"Àròkọ ni, Mọ́mì."

"Àròkọ. Bírò la fi ń kọ ọ́ láyé tiwa, ìdí wa sì máa ń wà nílẹ̀."

Luseane la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ̀gẹ́ ló fi dí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó padà sídìí àròkọ rẹ̀. Ó pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. "Kepueli ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mòòkùn lọ́la pẹ̀lú ẹ̀rọ Heamasi, kó lè ra fóònù tí mi ò ní máa fọwọ́ kàn. Mo mọ̀ nítorí pé mo ka ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo sì tọrọ àforíjì. Bí Kepueli bá fẹ́, mi ò ní fọwọ́ kan fóònù yìí mọ́ láé. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ Kepueli pé méjì. Mo fẹ́ kó ṣì máa dìde jáde nígbàkúùgbà tí mo bá wọlé." Ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó sì kúrò níbẹ̀ kíá.

Ó sùn, kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù wà lójú fèrèsé, àròkọ náà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí èsì kankan. Ó tún un kà láti òkè, ìgbà náà ló tó rí i: gbogbo ibi tó kọ "Kepueli" tàbí "ẹ̀gbọ́n mi" sí ló ti di òfo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kà á, ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ kí olùkọ́ má baà mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Luseane wo ẹ̀yìnkùlé. Ahéré ṣófo. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ilé tí àwọn obìnrin ti ń hun ẹní, aago mẹ́jọ sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó ti tú gbogbo ọkàn rẹ̀ jáde, ọkùnrin yìí kàn yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Kò wọ bàtà tó fi sáré jáde.

Ó bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létí omi. Heamasi ń da epo sínú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà wà lórí iyanrìn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò tán. Paea, tí kò wọ ẹ̀wù, rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pa pọ̀, ó sì sáré fa ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀. Kepueli di okùn ọkọ̀ mú, kò gbójú sókè. Luseane kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín wọn kọjá, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì jókòó lé ẹ̀rọ náà lórí.

"Kí lèyí?" Heamasi ní. "Kepueli, sọ fún àbúrò ẹ kó dìde."

Kepueli ń wo iyanrìn. Arákùnrin wo ló ń pàṣẹ fún arábìnrin rẹ̀ lójú ayé?

"Paea, ìwọ sọ fún un."

"Èmi kẹ̀? Ẹnu tèmi kọ́ lẹ máa ti gbọ́ ọ."

"Omi ń fà o. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ọkọ̀ yìí ò ní lè kọjá lórí òkúta yẹn mọ́." Heamasi fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọjú sí Luseane. "Ọmọ dáadáa, máa lọ sílé. Iṣẹ́ ọkùnrin la fẹ́ ṣe."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́ ni," Luseane ní. "Wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí ẹ̀rọ. Mo wá wo ọ̀kan nítòsí."

Paea fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ẹ̀rọ náà ṣì gbóná, ó ń jó Luseane nítan, kò sì sún. Oòrùn ń gòkè. Èébú kún ẹnu Heamasi, kò ríbi tú u sí nítorí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó jọ wà níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú omi tó dé orúnkún, ó ń wo òkúta tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Luseane ń ro tirẹ̀. Bí wọ́n bá lọ mú ẹ̀rọ mìíràn wá ńkọ́? Bí Kepueli bá kórìíra òun títí ayé ńkọ́? Ẹ̀rù bà á gidigidi, ó sì ń jókòó lọ.

Nígbà tó yá, ara Heamasi kò gbà á mọ́. Ó jáde nínú omi, ó di Luseane lápá mú, ó sì fà á.

"Ẹ̀gbọ́n Heamasi," Kepueli ní, "ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára wọn."

"Ṣé o rí omi tó ń lọ yìí?"

"Heamasi. Gbọ́wọ́ kúrò."

Okùn ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dúró láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò ga tó èjìká Heamasi. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó sì jọ̀wọ́ apá ọmọbìnrin náà.

"Ó dáa. Máa pín fóònù lọ. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló ti ń bẹ̀ mí fún àyè ẹ." Ó tutọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Paea sì tẹ̀ lé e.

Ó ku àwọn méjì. Kepueli kọjú sí òkun, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ẹ dìde, Luseane. Mi ò lọ mọ́ lónìí."

"Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

"Ẹ dìde ná."

"Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

"Mi ò ní lọ. Lọ́jọ́ kankan."

Luseane gbìyànjú láti dìde, ó sì ṣubú sórí iyanrìn. Ó tún gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

"Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára," ló wí.

Kepueli yíjú padà wéré. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà. Ọdún mẹ́fà rèé tí ọwọ́ wọn ti kan ara wọn kẹ́yìn. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sáré sínú ọkọ̀, ó yọ àjẹ̀, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó sì na orí rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀. Luseane fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń fà á, títí ó fi nàró, tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrora bí ẹni gún un ní abẹ́rẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o," ló wí.

"Mo dì í mú," ni Kepueli wí.