Rìbọ́ọ̀nù Tí Mo Dá Padà

Ọjọ́ márùn-ún péré ni ọ̀gá mi fún mi. Ó ní ojú mi ti pọ́n jù fún ẹni tó ń ta awò ojú, kí n lọ sinmi kí n tó lé gbogbo oníbàárà sá. Gbogbo wọn níbi iṣẹ́ wa ní Okayama ló mọ ibi tí mò ń lọ, torí ibẹ̀ náà ni mo ti ń lọ ní gbogbo oṣù kẹjọ láti ọmọ ọdún méjìlá: erékùṣù Kasugejima, nílé àlejò Màmá Tokiyo, àbúrò ìyá bàbá mi. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ìsinmi nìkan kọ́ ni mo bá lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti pinnu. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, Ryohei á ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi á sọ tèmi fún un.

Ryohei ló ń gba okùn ọkọ̀ ní èbúté. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́lẹ̀, wọ́n á ju okùn látinú rẹ̀, Ryohei á hán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi kọ́ irin. Tí ọkọ̀ bá ti lọ, á padà sí oko ọsàn rẹ̀ lórí òkè. Oòrùn ti sọ apá rẹ̀ di dúdú, kì í sì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Àmọ́ tó bá wá rín ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ èèyàn rí mọ̀ bó ṣe máa ń rí.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ó gba okùn, ó gba báàgì mi. Ó ní, "O dé." Mo ní, "Mo dé." Ó parí. Ọdún kan gbáko, ọ̀rọ̀ méjì.

Rìbọ́ọ̀nù bébà pupa kan tó ti já ṣì so mọ́ òpó èbúté láti oṣù kẹta, ọjọ́ tí tíṣà tó kù lérékùṣù yẹn lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ á di orí kan mú lórí ọkọ̀, ará ilé á di orí kejì mú nílẹ̀, rìbọ́ọ̀nù á máa tú, á máa tú, títí òkun á fi já a. Ẹni tó ń lọ pátápátá nìkan ni wọ́n ń fún. Àlejò oṣù kẹjọ kì í gbà á, torí pé ó ń padà bọ̀.

Ìdí oúnjẹ ni Màmá Tokiyo ti sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ tán. Wọ́n ní àwọn máa ti ilé àlejò náà níparí oṣù, àwọn á lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ àwọn ní Kobe. Ẹsẹ̀ àwọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá tún fẹ́ sùn ní Kasugejima lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ bá àwọn ológbò èbúté pín ẹní. Mo gbé abọ́ núdù tútù mi sílẹ̀. Kò sí ilé àlejò mìíràn níbẹ̀. Tí ilé yìí bá tì, kí ni màá sọ pé mo wá ṣe?

Mo sinmi o, n kò ní purọ́. Mo sùn lọ́sàn-án gangan lórí ẹní, fáànù ń yí orí wò mí, kòkòrò ń han lórí igi bí ẹni pé wọ́n sanwó fún wọn. Mo lúwẹ̀ẹ́ títí ìka ọwọ́ mi fi hunjọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Ryohei á gbé nǹkan wá: ẹja, tàbí bàrà olómi tó máa sọ sínú kànga kó lè tutù. Á jókòó, á jẹ tirẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ létí òkun, ó ní omi ti ń yí padà, kí n tètè jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gun òkè lọ bá a lóko. Ó fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa gé àwọn ọsàn wẹ́wẹ́ tó pọ̀ jù lórí ẹ̀ka, torí pé tí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tó máa dùn. A gé e títí di ọ̀sán. Mo bi í pé ìgbà wo ni èyí tó kù máa pọ́n. Ó ní oṣù kọkànlá. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "O ò tíì jẹ ẹ́ lórí igi rí." Mo rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ó kàn gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Màmá Tokiyo bi mí bóyá ìsinmi ni mo wá ṣe àbí ìdánwò. "Ọkùnrin erékùṣù yìí, okùn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbá mú," wọ́n ní. "Tí èèyàn ò bá jù ú sí wọn, wọn ò ní na ọwọ́."

Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́. Màmá fi ọ̀pá rìn dé èbúté, àwọn ìyá àgbà méjì tẹ̀ lé wọn. Ryohei ti dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Rìbọ́ọ̀nù ni, aláwọ̀ búlúù, wọn ò tíì tú u.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lọ pátápátá?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Màmá ń ti ilé. Kò sí ibi tó o máa sùn mọ́. Mo ní kò dáa kó o lọ láìsí ẹni tó máa bá ẹ di kinní mú."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ń sọ fún èkejì pé nítorí àwọ̀ búlúù yẹn, Ryohei wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì láàárọ̀ àná. Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ọkùnrin yìí ti ń dágbére fún mi. Ẹja yẹn, ó dàbọ̀ ni. Bàrà yẹn, ó dàbọ̀ ni. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, mo gbé e mì. N kò wá síbí wá sunkún.

Mo fi rìbọ́ọ̀nù náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Mò ń bọ̀ loṣù kọkànlá wá jẹ ọsàn tí mo bá ẹ gé. Ìwọ ni mò ń bọ̀ wá rí, Ryohei, kì í ṣe ilé Màmá. Tí o ò bá fẹ́ kí n wá, tí ọkọ̀ bá gbéra, ju rìbọ́ọ̀nù yẹn sí mi. Màá gbà á. Mi ò sì ní padà mọ́."

Mo wọ ọkọ̀. N kò wẹ̀yìn àfìgbà tí mo di irin ọkọ̀ mú. Ó tú okùn. Omi là sáàárín àwa méjèèjì, ó fẹ̀, ó tún fẹ̀ sí i. Mo rí i tó gbé rìbọ́ọ̀nù náà sókè, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo na ọwọ́ mi. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ó bá yíjú padà, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Tokiyo. Àwọn ni wọ́n ń lọ pátápátá níparí oṣù. Màmá gbà á, wọ́n sọ ọ́ sínú àpò épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì.

Ryohei rìn dé bèbè èbúté pátápátá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ mi.

"Yàrá òkè ilé wa ṣófo, màá sọ fún ìyá mi. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni kó o wọ̀, ti ọ̀sán kì í wá tí afẹ́fẹ́ bá le."

Fún Ryohei, odidi ìwàásù nìyẹn. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní òdìkejì, mo ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí fóònù pé mo fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù kọkànlá. Kì í ṣe pé mo tọrọ rẹ̀. Mo sọ fún un ni.